Àgọ́ Olórí Méjì

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà, torí mo ti rí i pé bí ọ̀rọ̀ bá ti pẹ́ nílẹ̀, àwọn tí kò sí níbẹ̀ ló máa ń mọ̀ ọ́n rò jù.

Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, òun ni ìyàwó. Tíṣà wà níbẹ̀, òun ni ọkọ. Alágọ̀ọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, ó ń kan èèkàn mọ́lẹ̀. Onífọ́tò wà níbẹ̀, kámẹ́rà méjì ló gbé kọ́rùn bí ìyá ìbejì. Ìyá Oníkọ́tìnì, àbúrò mi, tó bí Nọ́ọ̀sì, wà níbẹ̀. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà wà níbẹ̀, mo gbé báàgì rẹ̀ dání. Àwọn àlejò sì jókòó kún inú àgọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò sí níbẹ̀: Ìyá Oníbúrẹ́dì, tó bí Tíṣà.

Àbúrò mi ló ní kí n kọ ọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé. Ó ní ọwọ́ òun kì í dúró tí òun bá dé ibi tó le níbẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí o," ó ní. "Ẹ má bá mi fi páúdà kùn ún lójú."

Opó ni àbúrò mi. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí Nọ́ọ̀sì ṣì ń fi eyín wàrà jẹun. Kọ́tìnì ló ń rán tó fi tọ́ ọmọ yẹn. Kò sí fèrèsé ọlọ́lá kan ládùúgbò tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò tíì kàn. Opó ni Ìyá Oníbúrẹ́dì náà. Ààrò ló fi sọ Tíṣà di tíṣà. Nígbà tí ọmọ méjèèjì wá rí ara wọn, ṣe ni àwọn ìyá fẹ́ràn ara wọn ju bí àwọn ọmọ ṣe fẹ́ràn ara wọn lọ. "Ìyá Ìyàwó!" "Ìyá Ọkọ!" Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, ọbẹ̀ máa jóná lórí iná.

Ohun kan ṣáà wà lára àbúrò mi. Níbi ìgbéyàwó ọmọ aládùúgbò kan, obìnrin kan ti fi ìgbọ̀nwọ́ ta á sẹ́yìn kúrò nídìí ìyàwó. "Opó kì í dúró síbí," lóbìnrin náà wí. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó sì sún. Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ò jinná lára rẹ̀ títí dòní.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, kí n tó mú Alágọ̀ọ́ wọlé.

Ó gbé àwòrán wá. Ó jókòó sáàrin àwọn aṣọ tí a ká jọ sínú pálọ̀, ó to àwọn àwòrán náà sórí tábìlì tí àbúrò mi fi ń gé aṣọ.

"Oríṣi mẹ́ta ni mo ní," ó wí. "Èyí là ń pè ní Onílé. Ó rí bí ilé, ó tẹ́ lórí, ó ní fèrèsé. Èyí ni Onídígí. Òrùlé rẹ̀ mọ́ gaara, ẹ̀ẹ́ máa wo ojú ọ̀run."

"Oòrùn náà á sì máa wò wá," ni àbúrò mi wí. "Gbé ìyẹn kúrò ńbẹ̀. Àlejò là ń pè, a ò sá èèyàn gbẹ."

"Èyí wá ni Olórí Méjì."

Aṣọ funfun ni, ó ga sókè níbi méjì, ó ṣe ṣóńṣó, ó wá ń ṣàn bọ̀ nílẹ̀ láti ibẹ̀. Ìta rẹ̀ ni wọ́n yà, wọn ò ya inú. Àbúrò mi gbé e sún mọ́ ojú. Ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ rán kọ́tìnì mọ aṣọ tó mọ̀ ọ́n rọ̀.

"Ẹ wo bó ṣe ń bọ́ wálẹ̀. Ta ló rán an?"

"Ìyá, mi ò mọ ẹni tó rán an. Èmi kàn ń gbé e nà ni."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí. "Màmá, ṣé àgọ́ lẹ̀ ń wò àbí kọ́tìnì?"

"Ìwọ lò ń pè é ní àgọ́. Kọ́tìnì tó kàwé gboyè ni."

Bí wọ́n ṣe mú Olórí Méjì nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, àbúrò mi ò sinmi. Gbogbo ẹni tó bá wá wọn fèrèsé ló ń sọ ọ́ fún. "Orí méjì ló ní. Èmi máa jókòó sábẹ́ ọ̀kan, Ìyá Ọkọ á jókòó sábẹ́ èkejì. Kí ojú má baà tì wá, a ti ní òrùlé tiwa."

Àfi lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀.

Ó lọ so kọ́tìnì nílé kan, iṣẹ́ tètè parí, òjò sì ká a mọ́nà. Ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ara rẹ̀, omi ń ro tótó lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wà ní yàrá, ó ń fi fóònù bá Alágọ̀ọ́ sọ̀rọ̀. Òjò ń lu páànù kíkankíkan, ọmọ náà sì ń pariwo kí wọ́n lè gbọ́ òun lọ́hùn-ún.

Ohun tí àbúrò mi gbọ́ nìyí:

"Mo ní mi ò fẹ́ opó kankan nínú àgọ́ yẹn! ... Rárá, àwọn méjèèjì ni. Mi ò fẹ́ ìkankan. ... Wọ́n á ba fọ́tò jẹ́ ni! Ibi téèyàn bá yíjú sí, àwọn ni wọ́n á máa hàn. ... Ta ni? Màmá mi? Háà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ o. Inú wọn ò ní dùn. Tó bá dọjọ́ náà, wọ́n á kàn bá a bẹ́ẹ̀ ni."

Àbúrò mi dúró. Ó ní ṣe ló dà bíi pé wọ́n tún fi ìgbọ̀nwọ́ ta òun, ṣùgbọ́n ìgbọ̀nwọ́ tí òun fúnra òun bí ni lọ́tẹ̀ yìí.

Ó yọ́ jáde padà sínú òjò. Ó wá tún wọlé, ó fẹsẹ̀ gbọn ilẹ̀, ó wúkọ́.

Nọ́ọ̀sì sáré jáde. "Yéè, Màmá! Òjò ti pa yín!" Ó mú aṣọ ìnura, ó fi ń nu irun ìyá rẹ̀ bí ẹni ń nu orí ọmọ ọwọ́.

Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu àbúrò mi. Ká ní ó sọ ọ́ ni, à bá ti rẹ́rìn-ín, à bá sì ti jẹun. Dípò bẹ́ẹ̀, ó yí i po.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan?"

"Kò sẹ́nì kankan, Màmá."

Irọ́ kékeré yẹn ló ti ilẹ̀kùn pa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó forí lé ilé búrẹ́dì. Ó ní òun kàn fẹ́ lọ kí i ni. Ẹ̀yin náà mọ irú ìkíni bẹ́ẹ̀.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ń po ìyẹ̀fun, funfun ti dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. "Ìyá Ìyàwó! Ẹ wá gba gbígbóná."

"Ebi ò pa mí."

"Ẹni tí ebi ò pa kì í wá nusẹ̀ nílé búrẹ́dì ní kùtùkùtù. Kí ló dé?"

"Kò sí."

"Kò sí yìí ti ń sunkún lójú yín."

Ọ̀rọ̀ tú. "Wọn ò fẹ́ wa nínú àgọ́ yẹn. Nọ́ọ̀sì sọ fún Alágọ̀ọ́ pé òun ò fẹ́ opó kankan níbẹ̀. Àwa méjèèjì. Ó ní a máa ba fọ́tò jẹ́."

Ìyá Oníbúrẹ́dì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé ẹnìkejì òun ò rín, ó dá ẹ̀rín dúró.

"Nọ́ọ̀sì yìí náà? Tó ń bọ́ lẹ́nu iṣẹ́, tó ń yà síbí wá wo ẹ̀jẹ̀ mi bó ṣe ń ru?"

"Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ."

"Ọmọ tèmi ńkọ́? Ṣé ó mọ̀ sí i?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibí yìí ni ọwọ́ àbúrò mi kì í ti í dúró. Kò mọ̀. Gbólóhùn "mi ò mọ̀" ò wúwo, ọmọ ọlọ́dún méjì lè gbé e. Ṣùgbọ́n ẹni tí nǹkan ń ta lára a máa wá ẹni tí yóò bá a jẹ ìrora náà. Ó ní:

"Ṣé tọkọtaya máa ń fi irú ẹ̀ pamọ́ fúnra wọn ni?"

Ìyá Oníbúrẹ́dì fi aṣọ bo ìyẹ̀fun náà, ó rọra tẹ etí aṣọ náà yíká bí ẹni ń bo ọmọ tó sùn.

"Ó dáa," ó ní. "Mi ò lọ."

Ẹ̀rù ba àbúrò mi. "Ìyá Ọkọ, kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ, ká jókòó sẹ́yìn."

"Ẹ̀yin lè jókòó sẹ́yìn. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi po ìyẹ̀fun tí ọmọ yẹn fi di èèyàn. Mi ò ní fi ìdí kan ṣoṣo lúgọ sẹ́yìn rẹ̀." Ó wá tẹjú mọ́ ọn. "Ẹ má sọ fún wọn pé mo gbọ́ o. Tí wọ́n bá wá bẹ̀ mí, tipátipá ni. Ẹ bá mi pa á mọ́."

Àbúrò mi ṣèlérí. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ rán ẹnu ara rẹ̀ pa.

Kò pẹ́ tí iná fi ràn. Ìyá Oníbúrẹ́dì sọ fún Tíṣà pé òun ní ìrìn àjò lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun lọ́kùnrin, àti pé ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ló bọ́ sí. Tíṣà bẹ̀ ẹ́ títí, ìyá rẹ̀ ní òun ti sọ tòun. Tíṣà wá yíjú sí Nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì wá bá ìyá rẹ̀ nídìí maṣíìnì, omi lójú.

"Màmá, Tíṣà ní kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe fún màmá òun. Mi ò ṣe nǹkan kan! Ẹ̀yin lọ̀rẹ́ wọn, ẹ bá mi bi wọ́n."

Àbúrò mi ò gbójú sókè. "Bi ara rẹ."

"Kí ni n ó bi ara mi?"

"Ohun tó o sọ."

"Kí ni mo sọ? Màmá, kí ni mo sọ?"

Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ maṣíìnì kí ariwo rẹ̀ lè bo ohùn ọmọ náà. Ó ní aṣọ tí òun rán lọ́jọ́ náà, ṣe ni òun tú gbogbo rẹ̀.

Èmi náà rí i pé nǹkan ń bàjẹ́. Mo bi í. Ó ní ara òun ni kò yá. Nígbà tí ọjọ́ kù fẹ́ẹ́fẹ́, àánú ọmọ ṣe é, ó dìde láti lọ bẹ Ìyá Oníbúrẹ́dì. Ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ààrò ti tutù. Ó jókòó sí àtẹ̀gùn ibẹ̀ títí tí àwọn oníbàárà fi ń bi í bóyá òun ló ń ta búrẹ́dì nísinsìnyí.

Ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́, oòrùn là. A sọ̀ nínú ọkọ̀ létí pápá, mo gbójú sókè, mo ń wá orí méjì. Àgọ́ kan ló wà níbẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilé ìtajà.

"Alágọ̀ọ́, Olórí Méjì dà?" mo bi í.

"Ìyàwó ti yí i padà. Ó ní Onílé lòun fẹ́."

Àbúrò mi mi orí. "Ó ti gé orí méjèèjì kúrò," ó ní. Mi ò mọ ohun tó ń sọ.

Ó kọ̀, kò wọlé. Ó ní òun fẹ́ wo àwọn tó ń fọ abọ́. Ó lọ sẹ́yìn àgọ́, níbi tí wọ́n to àgbá omi sí, ó dojú páálí ìgò kan délẹ̀, ó jókòó lé e pẹ̀lú aṣọ tó fi odidi ọ̀sẹ̀ rán lórí maṣíìnì. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo jágbe mọ́ ọn. Agídí ìdílé wa ni, mo mọ̀ ọ́n. Èmi náà ní in.

Orin ti bẹ̀rẹ̀ nínú àgọ́ kí Nọ́ọ̀sì tó jáde sí wa, ó fọwọ́ méjèèjì gbá ìsàlẹ̀ aṣọ funfun rẹ̀ mọ́ra. Tíṣà tẹ̀ lé e, Onífọ́tò tẹ̀ lé Tíṣà.

"Màmá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin là ń dúró dè. Àga yín wà níwájú, mo so òdòdó mọ́ ọn. Tìyá Tíṣà náà wà níbẹ̀, bóyá wọ́n á ṣì wá."

"Àga tèmi?" ni àbúrò mi wí. "Níwájú kámẹ́rà?"

"Níwájú kámẹ́rà kẹ̀."

"Jẹ́ kí n jókòó síbi tó o fi mí sí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo wà lọ́jọ́ òjò yẹn. Mo gbọ́ ọ. O ní o ò fẹ́ opó kankan nínú àgọ́ yín. Àwa méjèèjì. O ní a máa ba fọ́tò jẹ́."

Ìsàlẹ̀ aṣọ funfun bọ́ lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì.

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ Alágọ̀ọ́, tó ń kan èèkàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

"Opó bí i ti báwo? Ìyá! Òpó ló sọ! Òpó!" Ó sáré débi lọ́rì rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu igi gígùn kan gbàgbàgbà. "Òpó rèé! Orí méjì tí ẹ rí nínú àwòrán, òpó méjì ló ń gbé e dúró nínú. Kí ni ẹ rò pé ó gbé aṣọ sókè, ẹ̀mí mímọ́?"

"Èmi ni mo sọ fún un, Ìyá," ni Onífọ́tò wí. "Mo ní òpó máa dí ìyàwó lójú. Ẹ má bínú."

Nọ́ọ̀sì ti ń sunkún. "Ẹ fẹ́ràn Olórí Méjì yẹn jù, Màmá. Mi ò mọ bí n ó ṣe sọ fún yín pé mo yí i padà."

Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé dò àti mí ni òpó tó ń gbé ilé dúró, re àti mí ni opó tí ọkọ rẹ̀ kú. Ìṣísẹ̀ ohùn kan ṣoṣo ló là wọ́n láàrin. Òjò orí páànù fẹsẹ̀ pa á rẹ́, etí tó ti ń bẹ̀rù sì bá a kọ èyí tó ń bẹ̀rù.

Tíṣà ò sunkún. Ó bi í jẹ́jẹ́ ni. "Màmá, ṣé ẹ sọ fún màmá mi?"

Àbúrò mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé ẹ sọ pé mo mọ̀ sí i?"

Kò lè gbé orí náà sókè mọ́.

Tíṣà fa fóònù yọ. Ó pè, kò lọ. Ó tún pè. Ó lọ kúrò létí àgọ́, ó gun orí òkúta kan kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè mú un. Ìyá rẹ̀ gbé e níkẹyìn. Tíṣà gbé ohùn fóònù síta; inú ọkọ̀ ni ìyá rẹ̀ wà, a ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ké.

"Màmá! Àṣìgbọ́ ni! Òpó ni Nọ́ọ̀sì sọ!"

"Mo gbọ́," lohùn náà wí. "Opó ni mí."

"Rárá, Màmá! Òpó! Ò-pó!"

"Ọmọ mi, mo ní mo gbọ́. Má pariwo ẹ̀ létí àwọn èèyàn. Opó ni mí, mi ò jiyàn."

"Igi ni mò ń wí! Igi inú àgọ́!"

"Ìgbín? Ohùn rẹ ń gé. Ẹ ṣe ìgbéyàwó yín ire." Ó pa á.

Kò gbé e mọ́. Tíṣà dúró lórí òkúta yẹn pẹ̀lú kóòtù rẹ̀ dúdú, ó ń wí "òpó, òpó" sínú fóònù tó ti kú. Kò sẹ́ni tó lè ṣe nǹkan kan. Gbogbo wa ló mọ òtítọ́, a ò rí ọ̀nà tí a lè fi gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo tó nílò rẹ̀.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà. Àbúrò mi jókòó níwájú, ojú rẹ̀ wú. Àga kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú òdòdó rẹ̀.

Fọ́tò wọn dára púpọ̀. Kò sí ohun kan tó dí ohunkóhun. Ibi tó o bá yíjú sí, àga òfìfo yẹn lò ń rí. Àbúrò mi ní òpó kan ì bá wà níbẹ̀, ì bá bá wa fara bò ó.

Ìyá Oníbúrẹ́dì padà dé. Wọ́n ṣàlàyé fún un lójúkojú, Alágọ̀ọ́ gan-an gbé òpó náà dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó gbọ́ ọ, ó ní ó ti yé òun, ó gé búrẹ́dì fún gbogbo wọn. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n kò pe àbúrò mi ní Ìyá Ìyàwó mọ́, orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń pè é. Fọ́tò tó wà ní pálọ̀ Tíṣà, ó máa ń jókòó kọ ẹ̀yìn sí i. Láti ọjọ́ náà títí dòní, kò tíì fẹsẹ̀ tẹ abẹ́ àgọ́ kankan. Wọ́n á pè é, á ní ààrò ò gba òun láyè. A ti bẹ̀ ẹ́ títí, ẹnu ti rẹ̀ wá. Ẹ̀bẹ̀ ò lè lọ sí ọjọ́ àná lọ gbé èèyàn jókòó sórí àga.

Eyín-Afẹ́, ìwọ tí Nọ́ọ̀sì àti Tíṣà bí, ó ti kàn ọ́ láti ṣègbéyàwó báyìí. Wọ́n ní ọmọ Alágọ̀ọ́ ń fi àgọ́ hàn ọ́ nínú fóònù, o sì ń wò. Olórí Méjì ni kí o mú. Jẹ́ kí wọ́n ri òpó méjèèjì mọ́lẹ̀ dáadáa, kí o gbé àga ìyá tó bí ìyá rẹ sídìí ọ̀kan, kí o gbé ti Ìyá Oníbúrẹ́dì sídìí èkejì. Má fi fóònù pè é o. Má sì ránṣẹ́ sí i. Fẹsẹ̀ ara rẹ rìn lọ sí ilé búrẹ́dì, lọ́jọ́ tí òjò ò rọ̀, dúró síbi tí yóò ti rí ẹnu rẹ, kí o wá sọ fún un ní ohùn méjèèjì, dò mí àti re mí: a fẹ́ òpó, a sì fẹ́ opó.